Páálí, sílípáàsì àtijọ́ àti igi súyà: ìdáhùn fún olùkọ́ Práímárì Kẹrin

Ìbéèrè: Ẹ kú iṣẹ́ o. Olùkọ́ Práímárì Kẹrin ni mí ní iléèwé ìjọba kan ní Ògbómọ̀ṣọ́. Ọmọ 52 ló wà ní kíláàsì mi. Tí a bá ti dé ibi ìmọ̀ ẹ̀rọ nínú síkíìmù, nóòtù ni mo máa ń kọ sójú pátákó, wọn á dà á kọ, ó parí. Nígbà mìíràn mo máa ń ní kí wọ́n ṣe nǹkan wá láti ilé, àmọ́ ohun tí àwọn òbí bá ṣe ni wọ́n ń gbé wá. A ò ní irinṣẹ́, a ò ní kọ̀ǹpútà, ọ̀gá wa ò sì fẹ́ ariwo. Báwo ni kí n ṣe é kí ẹ̀kọ́ yìí tó lè yé wọn dénú?

Ìdáhùn: Olùkọ́ wa, ẹ kú iṣẹ́ ọmọ, ẹ sì kú ìfaradà. Inú mi dùn pé ẹ sọ̀rọ̀ nóòtù ojú pátákó yẹn láìfi bò, torí ibẹ̀ gan-an ni ẹ̀kọ́ yìí ti ń sọnù mọ́ wa lọ́wọ́. Ọmọ lè to gbogbo ìwúlò táyà sílẹ̀ láìsí àṣìṣe kan, kó má sì mọ ìdí tí ọkọ̀ páálí tó fọwọ́ ara rẹ̀ ṣe kò fi yí. Ohun tí mo fẹ́ kí ẹ ṣe rèé: ẹ gbé iṣẹ́ kan fún wọn tó ní ẹni tí yóò lò ó, ẹ jẹ́ kí wọ́n gbèrò rẹ̀ fúnra wọn, kí wọ́n ṣe é, kí wọ́n dán an wò, kí ẹ sì fi àyè sílẹ̀ kí wọ́n lè tún un ṣe lẹ́ẹ̀kejì. Ẹlẹ́ẹ̀kejì yẹn ni mo kà sí pàtàkì jù, òun náà sì ni ọ̀pọ̀ olùkọ́ tó ń gbìyànjú kì í dé.

Ọ̀pọ̀ nínú wa ló kọ́ iṣẹ́ ọwọ́ ní iléèwé: ìgbálẹ̀, ẹní, apẹ̀rẹ̀, ọṣẹ. Ẹ̀kọ́ tó dára ni. Ṣùgbọ́n kí ọmọ tó fọwọ́ kan igi tàbí ọ̀pẹ, àgbà ti mọ bí nǹkan náà yóò ṣe rí. Kì í ṣe ọ̀dọ̀ wa nìkan ló ti rí bẹ́ẹ̀. Orílẹ̀-èdè Finland sọ iṣẹ́ ọwọ́ di dandan ní àwọn iléèwé wọn ní 1866. Kò pẹ́ lẹ́yìn náà tí Otto Salomon fi bẹ̀rẹ̀ sí kọ́ àwọn olùkọ́ ní Nääs, ní Sweden. Ní ìlànà tirẹ̀, ọmọ yóò máa fi igi ṣe oríṣiríṣi nǹkan tí wọ́n ti tò tẹ̀ léra, láti orí èyí tó rọrùn dé orí èyí tó le, bí àpẹẹrẹ iwájú rẹ̀ ṣe rí gẹ́lẹ́. Ọwọ́ ọmọ á mọ irinṣẹ́ lò, ojú rẹ̀ á mọ ohun tó gún. Ohun tí ọmọ kò rí gbà níbẹ̀ ni àyè láti pinnu. Nígbà tí England wá sọ ẹ̀kọ́ gbígbèrò àti ìmọ̀ ẹ̀rọ di dandan fún ọmọ láti ọdún márùn-ún sókè ní 1990, ìpinnu yẹn ni wọ́n gbé lé ọmọ lọ́wọ́: ta lò ń ṣe é fún, kí ló fẹ́, kí lo máa fi ṣe é, ṣé ó ṣiṣẹ́? Kòríkúlọ́ọ̀mù wọn ti 2013 ṣì pín in bẹ́ẹ̀: gbígbèrò, ṣíṣe, yíyẹ̀wò, àti ìmọ̀ bí nǹkan ṣe ń ṣiṣẹ́. Wọ́n tún fi oúnjẹ sísè kún un, èyí tó tẹ́ mi lọ́rùn púpọ̀.

Ní tiwa, nígbà tí NERDC, àjọ ìjọba àpapọ̀ tó ń ṣètò ohun tí iléèwé ń kọ́ ọmọ, tún kòríkúlọ́ọ̀mù ṣe ní 2012, wọ́n kó sáyẹ́ǹsì, ìmọ̀ ẹ̀rọ, ẹ̀kọ́ ìlera àti eré ìdárayá, pẹ̀lú kọ̀ǹpútà, sábẹ́ orúkọ kan ṣoṣo, Basic Science and Technology. Ó yé mi pé wọ́n fẹ́ dín ẹrù ẹ̀kọ́ kù lórí àwọn ọmọ. Àmọ́ bí ẹ̀kọ́ mẹ́rin bá ń pín àkókò kan, èyí tó ń fẹ́ ohun èlò àti àyè ni a máa kọ́kọ́ fi nóòtù rọ́pò. Nítorí náà, ẹ má dá ara yín lẹ́bi jù. Ẹ kàn mú kókó kan nínú síkíìmù tọ́ọ̀mù yìí, kí ẹ fún un ní ọ̀sẹ̀ márùn-ún, kí ẹ sì jẹ́ kí àwọn kókó kéékèèké tó yí i ká wọlé láti ara rẹ̀.

Táyà ni mo máa mú tó bá jẹ́ èmi. Tipẹ́tipẹ́ làwọn ọmọ wa ti ń fi agolo mílíìkì àti agolo sàdíìnì ṣe ọkọ̀, tí wọ́n ń gé táyà rẹ̀ lára sílípáàsì tó já. Ìmọ̀ náà wà lára wọn kí wọ́n tó wọ kíláàsì yín. Ṣùgbọ́n ẹ má sọ pé "Ẹ ṣe ọkọ̀." Bí ẹ bá sọ bẹ́ẹ̀, wọn ò ní mọ ìgbà tó dáa àti ìgbà tí kò dáa. Ẹ sọ pé: "Àwọn àbúrò yín ní jẹ́lé-ó-sinmi fẹ́ máa fa omi wọn wọ kíláàsì. Ẹ ṣe ọkọ̀ kékeré kan tí ọmọ ọdún mẹ́rin lè fi okùn fà, tí yóò gbé ọ̀rá píọ̀wọ́tà kan láti ẹnu ọ̀nà dé ògiri ẹ̀yìn, tí omi náà kò sì ní jábọ́." Ọ̀rá omi 50cl tó ìdajì kílò. Ẹrù gidi ni fún páálí, ó sì ń fi àléébù hàn kíákíá.

Ọ̀sẹ̀ àkọ́kọ́, wọn ò ní ṣe ohunkóhun. Ẹ yá kẹ̀kẹ́ kan, kí ẹ dojú rẹ̀ dé, kí ẹ yí táyà rẹ̀. Ẹ bi wọ́n pé: kí ló ń yí, kí ni kò yí? Wọn yóò rí i pé irin àárín dúró gbọin, nọ́ọ̀tì ti dè é mọ́ ara kẹ̀kẹ́, táyà nìkan ló ń yí lórí rẹ̀. Lẹ́yìn náà, ẹ mú ọkọ̀ agolo ọmọ kan, níbi tí igi àti táyà ti le mọ́ra, tí àwọn méjèèjì jọ ń yí lábẹ́ ọkọ̀. Ọ̀nà méjèèjì ló tọ́. Èyí tí kò tọ́ ni kí igi le mọ́ táyà, kó tún le mọ́ ara ọkọ̀. Ọkọ̀ bẹ́ẹ̀ yóò máa wọ́ nílẹ̀ ni. Tí ọmọ bá lè sọ ìyẹn fún yín lọ́rọ̀ ara rẹ̀, ó ti mọ ohun tó ṣe kókó jù nínú ẹ̀kọ́ yìí.

Ọ̀sẹ̀ yẹn kan náà, ẹ rán wọn lọ sí jẹ́lé-ó-sinmi pẹ̀lú rúlà tàbí okùn, ẹgbẹ́ kan lẹ́yìn òmíràn, kí wọ́n wọn bí ọwọ́ ọmọ ọdún mẹ́rin ṣe jìnnà sílẹ̀ tó. Èyí kì í ṣe eré. Bí okùn bá kúrú, ọmọ náà yóò máa fà á sókè ni, iwájú ọkọ̀ á gbéra nílẹ̀, omi á yọ̀ sẹ́yìn. Bí okùn bá gùn dáadáa, iwájú ni ó ń fà á sí. Ẹ ó rí i pé àwọn ọmọ tó ti wọn àbúrò wọn báyìí kì í bèèrè lọ́wọ́ yín mọ́ bóyá okùn àwọn tó. Ọwọ́ wọn ni ìdáhùn náà wà.

Ọ̀rọ̀ àwòrán wá kù. Àwọn olùkọ́ kan máa ń ní kí ọmọ yàwòrán kó tó fọwọ́ kan ohun èlò. Mi ò fara mọ́ ọn fún ọmọ ọdún mẹ́jọ sí mẹ́wàá. Jíìpù pupa tó ní wíńdò dúdú ni yóò yà, torí òun ló mọ̀. Ẹ jẹ́ kó gbá páálí mú ná, kó tẹ̀ ẹ́, kó fi igi súyà wọ inú kòròfo báírò, kó rí bí ó ṣe ń yí. Lẹ́yìn ìyẹn ni kó yà á: bí yóò ṣe rí láti ẹ̀gbẹ́ àti bí yóò ṣe rí láti òkè, pẹ̀lú ìwọ̀n rẹ̀ ní sẹ̀ǹtímítà. Kò ní láti rẹwà. Ìbéèrè kan ṣoṣo ni kí ẹ bi ọmọ lórí àwòrán rẹ̀: "Fi ìka hàn mí ibi tí igi máa gbà kọjá." Bí kò bá lè fi í hàn, ẹ dá a padà sí ìdí àwòrán, kò tíì gbèrò tán.

Ohun èlò kò ní ná yín lówó. Ọ̀sẹ̀ kan ṣáájú, ẹ ní kí wọ́n máa kó páálí ọjà, sílípáàsì tó já, báírò tó ti tán, ìdérí ìgò àti okùn wá. Ẹ bẹ aláta tàbí ẹni tó ń sun súyà ládùúgbò fún igi súyà tuntun díẹ̀, tàbí kí ẹ ra ìdì kan. Ẹ má jẹ́ kí òbí kankan ra nǹkan. Kòròfo báírò ni wọn yóò lẹ̀ mọ́ abẹ́ páálí, igi súyà yóò gba inú rẹ̀ kọjá, táyà yóò le mọ́ orí igi níhà méjèèjì. Sítáàṣì tí a sè nípọn ń lẹ páálí mọ́ páálí dáadáa tí ẹ bá fún un ní alẹ́ kan kó gbẹ. Fún kòròfo báírò, ẹ fi sẹ́lótéèpù tàbí okùn dè é. Ẹ má mú gọ́ọ̀mù tí àwọn tó ń ṣe bàtà ń lò wọ kíláàsì, òórùn rẹ̀ kò dára fún ọmọ.

Ẹ kíyè sí páálí náà. Bí ẹ bá wo ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ níbi tí wọ́n ti gé e, ẹ ó rí bébà tó ká kòlòkòlò láàárín bébà méjì tó tẹ́. Ẹ ní kí ọmọ kọ̀ọ̀kan tẹ̀ ẹ́ síhìn-ín, kó tún tẹ̀ ẹ́ sọ́hùn-ún. Ọ̀nà kan rọrùn, ọ̀nà kejì ń jà. Ọmọ tó bá gé páálí rẹ̀ kí ìlà inú rẹ̀ lè gùn láti iwájú ọkọ̀ dé ẹ̀yìn, ọkọ̀ rẹ̀ kò ní tètè tẹ̀ láàárín. Ọmọ mìíràn á lẹ méjì pọ̀, kí ìlà ọ̀kan dábùú ìlà èkejì. Ẹ má sọ ọ́ fún wọn. Ẹ kàn jẹ́ kí wọ́n tẹ̀ ẹ́.

Táyà ló máa ń fa wàhálà jù, torí náà ẹ jẹ́ kí n dúró níbẹ̀ díẹ̀. Ẹ̀yin ni kí ẹ fi ọ̀bẹ gé rọ́bà sílípáàsì nílé. Ọwọ́ ọmọdé ò tó pẹpẹ, ẹ má jẹ́ kí abẹ tàbí ọ̀bẹ wọ kíláàsì. Ẹ fi ìdérí ìgò tàbí ìdérí agolo yí i kí wọ́n lè rí róbótó. Ihò àárín ni iṣẹ́ àwọn ọmọ. Wọn yóò fi ìdérí kan náà ya òbìrí sórí bébà, wọn yóò gé e, wọn yóò ṣẹ́ ẹ sí méjì, wọn yóò ṣí i, wọn yóò tún ṣẹ́ ẹ sí méjì lọ́nà mìíràn. Ibi tí ìlà méjèèjì ti pàdé ni àárín. Wọn yóò gbé bébà náà lé rọ́bà, wọn yóò fi ìṣó lu ibi tí ìlà ti pàdé lórí àjákù pákó. Ibì kan ṣoṣo ni kí òòlù àti ìṣó wà nínú kíláàsì, ibi tí ẹ̀yin fúnra yín dúró sí, ọmọ kan lẹ́ẹ̀kan. Ìṣirò tí ẹ ti kọ́ wọn ní ọ̀sẹ̀ díẹ̀ sẹ́yìn ni wọ́n ń lò yìí. Ẹ rán wọn létí.

Nígbà tí ọjọ́ ìdánwò ọkọ̀ bá pé, ẹ kó wọn lọ sí kọ́rídọ̀. Ẹ gbé pákó kan lé bíríkì kan kó lè dàgẹ̀rẹ̀, kí ọkọ̀ kọ̀ọ̀kan ti orí rẹ̀ sọ̀ kalẹ̀ láìsí ẹrù, kí wọ́n wọn ibi tó dúró sí. Lẹ́yìn náà, kí ọmọ jẹ́lé-ó-sinmi kan wá fà á pẹ̀lú omi. Ọ̀pọ̀ ọkọ̀ ni kò ní ṣe dáadáa, ẹ sì gbọ́dọ̀ sọ fún wọn ṣáájú pé bẹ́ẹ̀ ló máa ń rí, kí ẹnikẹ́ni má bàa sunkún. Èyí tó ń ta pọ́n-ún pọ́n-ún, ihò táyà rẹ̀ kò sí ní àárín. Èyí tó ń yà sápá kan, àwọn igi méjèèjì kò dọ́gba: kí wọ́n fi rúlà wọn àlàfo tó wà láàárín kòròfo báírò iwájú àti ti ẹ̀yìn lápá ọ̀tún, kí wọ́n tún wọn tòsì, nọ́ńbà yóò sọ fún wọn. Èyí tó ń dúró lójijì, bóyá sítáàṣì ló wọ inú kòròfo, tàbí táyà ń ha ara páálí. Kí wọ́n fi rọ́bà kékeré kan sáàárín táyà àti páálí. Èyí tó tẹ̀ láàárín tí omi dé orí rẹ̀, kí ọmọ náà padà lọ wo ìlà inú páálí rẹ̀, tàbí kó ṣẹ́ etí páálí méjèèjì sókè. Etí tó dúró ṣánṣán máa ń fún páálí lágbára gan-an, yóò sì dá omi dúró kó má yọ̀.

Ẹ má ṣe tún ọkọ̀ kankan ṣe fún wọn. Ó máa ń wuni, mo mọ̀, pàápàá bí àkókò bá ń lọ. Ẹ bi ọmọ pé, "Kí lo rí?" kí ẹ sì dákẹ́. Lẹ́yìn náà, kó kọ gbólóhùn kan sábẹ́ àwòrán rẹ̀: Mo yí nǹkan báyìí padà nítorí pé nǹkan báyìí ṣẹlẹ̀. Ọ̀sẹ̀ tó tẹ̀ lé e ni wọn yóò ṣe ẹlẹ́ẹ̀kejì, wọn yóò sì tún un dán wò ní ibì kan náà, lórí pákó kan náà. Bí ọkọ̀ tó dúró ní ẹsẹ̀ pákó lọ́sẹ̀ tó kọjá bá dé ìdajì kọ́rídọ̀ lónìí, ọmọ náà mọ ohun tó ṣe tó fi rí bẹ́ẹ̀.

Fún ọmọ 52, ẹgbẹ́ 13 ni ẹ ó ní, mẹ́rin-mẹ́rin. Ẹ má jẹ́ kí gbogbo wọn ṣe é lẹ́ẹ̀kan náà. Ẹgbẹ́ mẹ́fà yóò máa ṣe, méje yóò máa yàwòrán tàbí kọ ohun tí wọ́n rí sílẹ̀, wọn yóò sì pààrọ̀ ní ọjọ́ kejì. Ẹ bẹ ọ̀gá yín kí wọ́n so píríọ́dù méjì pọ̀ fún yín, torí ìṣẹ́jú 40 kò tó láti kó nǹkan jáde kí a tún kó o wọlé. Ẹ sì fún ọmọ kọ̀ọ̀kan nínú ẹgbẹ́ níṣẹ́: ẹni tó ń wọn, ẹni tó ń gé, ẹni tó ń lẹ̀, ẹni tó ń kọ. Wọn yóò máa pààrọ̀ rẹ̀ lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀. Mo ń tẹnu mọ́ ọn torí ohun tí mo máa ń rí nínú kíláàsì: tí a bá fi wọ́n sílẹ̀, ọmọkùnrin ni yóò gba òòlù, ọmọbìnrin ni yóò di téèpù mú títí ẹ̀kọ́ yóò fi parí. Ó máa ń dùn mí gan-an, torí nígbà tí àyè bá dé kan àwọn ọmọbìnrin wọ̀nyí, ihò tí wọ́n lu máa ń wà ní àárín bí tẹnikẹ́ni.

Ẹ jẹ́ kí wọ́n sọ Yorùbá bí wọ́n ti ń ṣiṣẹ́. Mo mọ̀ pé èdè Gẹ̀ẹ́sì ni ìdánwò. Ṣùgbọ́n ẹ rántí ohun tí Ọ̀jọ̀gbọ́n Babs Fáfúnwá àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ní Yunifásítì Ifẹ̀ ṣe láti 1970, ní iléèwé St. Stephen's A ní Modákẹ́kẹ́. Wọ́n fi Yorùbá kọ́ àwọn ọmọ ní ìṣirò, sáyẹ́ǹsì àti àwọn ẹ̀kọ́ yòókù fún odindi ọdún mẹ́fà, wọ́n kọ ìwé rẹ̀ sílẹ̀, wọ́n sì kọ́ wọn ní Gẹ̀ẹ́sì gẹ́gẹ́ bí ẹ̀kọ́ kan lọ́tọ̀. Àbájáde tí wọ́n tẹ̀ jáde fi hàn pé àwọn ọmọ náà kò rẹ̀yìn, wọ́n tilẹ̀ ṣe dáadáa ju àwọn tí wọ́n yí sí Gẹ̀ẹ́sì ní Práímárì Kẹrin. Ọmọ tó ń wá ìdí tí ọkọ̀ rẹ̀ fi yà sápá kan nílò gbogbo ọ̀rọ̀ tó ní lẹ́nu. Tó bá ti rí ìdí náà, kí ẹ wá kọ àwọn ọ̀rọ̀ tí ìdánwò yóò bèèrè sójú pátákó. Ìṣẹ́jú mẹ́wàá tó fún ìyẹn, kò sì ní gbàgbé wọn torí ó ti mọ ohun tí wọ́n jẹ́.

Ní ti àṣetiléwá, ẹ pa á tì pátápátá nínú ẹ̀kọ́ yìí. Òbí tó ní owó yóò bẹ káfíńtà, èyí tí kò ní yóò bá ọmọ rẹ̀ jà ní alẹ́, ọmọ méjèèjì kò sì kọ́ nǹkan kan. Inú kíláàsì ni gbogbo rẹ̀ ti bẹ̀rẹ̀, ibẹ̀ náà ni kó parí sí. Máàkì yín náà gbọ́dọ̀ bá a mu. Bí ẹ bá ní 20, ẹ fi 5 fún àwòrán àti ìwọ̀n, 5 fún ṣíṣe, 5 fún àbájáde tó kọ sílẹ̀, 5 fún ohun tó yí padà àti ìdí rẹ̀. Nígbà náà, ọmọ tí ọkọ̀ rẹ̀ kò lọ rárá níjọ́ àkọ́kọ́ lè gba máàkì tó pọ̀ ju ẹni tí tirẹ̀ kàn bọ́ sí i, tí kò sì lè sọ ìdí.

Kọ̀ǹpútà? Kò dandan fún ohun tí mo ń sọ yìí. Bí iléèwé yín bá rí láptọ́ọ̀pù kan ṣoṣo lọ́jọ́ iwájú, Scratch, ètò kọ̀ǹpútà tí ọmọdé fi ń kọ́ bí a ti ń to àṣẹ fún kọ̀ǹpútà, tí yunifásítì MIT ní Amẹ́ríkà gbé jáde ní 2007, kò ní owó, ó sì ṣeé lò láìsí íntánẹ́ẹ̀tì tí ẹ bá ti gbé e sórí ẹ̀rọ. Ọmọ tó ti mọ bí a ti ń wá ibi tí ọkọ̀ páálí ti bàjẹ́ yóò tètè mọ bí a ti ń wá àṣìṣe nínú àṣẹ tó tò sínú Scratch.

Ọ̀gá yín àti ariwo: ẹ pè wọ́n wá ní ọjọ́ ìdánwò ẹlẹ́ẹ̀kejì, kì í ṣe ọjọ́ àkọ́kọ́, kí ẹ sì jẹ́ kí ọmọ kan ṣàlàyé ohun tó yí padà fún wọn. Fún àwọn alábẹ̀wò tí yóò fẹ́ rí nóòtù, ìwé àwọn ọmọ ni kí ẹ kó síwájú wọn: àwòrán, ìwọ̀n, gbólóhùn "nítorí pé" yẹn. Ẹ tún kọ ọ́ sínú nóòtù ẹ̀kọ́ yín bí síkíìmù ṣe pè é, kí ẹnikẹ́ni má bàa sọ pé ẹ kúrò lójú ọ̀nà.

Kí ẹ tó bẹ̀rẹ̀, ẹ jókòó nílé ní Sátidé yìí, kí ẹ ṣe ọkọ̀ kan fúnra yín láti ìbẹ̀rẹ̀ dópin, kí ẹ gbé píọ̀wọ́tà lé e, kí ẹ mọ ibi tí yóò ti fún yín ní wàhálà. Ẹ má gbé e wá sí kíláàsì o. Bí wọ́n bá ti rí tiyín, ọkọ̀ 13 tó jọ ọ́ ni ẹ ó gbà.